Bàbá ń rù lórí dialysis, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò fi hàn: kí ni kí n máa sè fún wọn?

Olùsè_Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi ni mo ń se oúnjẹ fún, ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Oṣù márùn-ún rèé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ìwọ̀n wọn lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fa omi tán jẹ́ kílò 62, kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì ń tọ̀ díẹ̀, bíi mìlílítà 300 lóòjọ́.

Èsì àyẹ̀wò tó dé kẹ́yìn, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gun ẹ̀rọ: pòtásíọ́ọ̀mù 5.9, fọ́síféètì 6.4, àbúmíìnì (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀) 3.2, báíkábónéètì 18. Láàárín ìfọ̀ kan sí èkejì, wọ́n máa ń fi tó kílò 3.4 wúwo sí i.

Ìwé oúnjẹ tí mo ń tẹ̀ lé ni èyí tí wọ́n fún wa nígbà tí kíndìnrín wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀: ẹran tàbí ẹja bíńtín lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ẹyin kan lọ́sẹ̀, kò sí ẹ̀wà, kò sí wàrà. Ojú wọn ti jìn, ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí wọn, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn máa ń wú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dá ẹran padà? Tí mo bá dá a padà, ṣé fọ́síféètì kò ní gun òkè sí i? Omi mélòó ló sì yẹ kí wọ́n máa mu?

---

Oúnjẹ_àti_Kíndìnrín

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ gbé ìwé oúnjẹ yẹn tì lónìí, ohun tí wọ́n kọ ọ́ fún ti kọjá.

Nígbà tí kíndìnrín ṣì ń gbìyànjú, wọ́n ní kí ẹ dín ẹran kù torí pé ìdọ̀tí tí purotéènì ń dá sílẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń kó ìdọ̀tí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí oúnjẹ. Ohunkóhun tó bá kéré tó láti gba ojú asẹ́ kọjá ló ń bá omi lọ. Lórí ìjókòó kan ṣoṣo, amínò ásíìdì (ègé kéékèèké tí purotéènì pín sí) tó ń lọ bẹ́ẹ̀ máa ń tó gíráàmù 6 sí 12. Fítámì B6, C àti fólíìkì ásíìdì náà ń bá a lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ sì ṣe ń fara kan rọ́bà àti asẹ́ fún odidi wákàtí mẹ́rin máa ń mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹran ara fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń pàdánù báyìí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí wọ́n tún ń fi ẹran dù ú, ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Purotéènì: gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fún kílò 62, ó di gíráàmù 62 sí 74. Kálórì: 25 sí 35 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 1,550 sí 2,170. Ẹ má fojú kékeré wo kálórì o. Bí ara kò bá rí epo tó láti fi dáná, ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn gan-an ni yóò kì sábẹ́ iná bí igi.

Bí ọjọ́ kan ṣe lè lọ: láàárọ̀, odidi ẹyin kan pẹ̀lú funfun ẹyin mẹ́ta tí ẹ pò pọ̀ dín, ìyẹn purotéènì gíráàmù 17. Lọ́sàn-án, adìẹ tí kò léegun, gíráàmù 90 lẹ́yìn tó bá jiná, nǹkan bíi 25. Lálẹ́, ẹja gíráàmù 90 lẹ́yìn sísè, nǹkan bíi 20. Ìrẹsì, búrẹ́dì àti ewébẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi bíi 10 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná, torí ojú lásán máa ń tan ni jẹ. Ẹran tútù gíráàmù 120 máa ń sún kì di bíi 90 tó bá jiná, bí ẹ bá sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, kò ní dé orí ìka. Tí kálórì kò bá pé, òróró ni kí ẹ fi kún un. Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ bíi kálórì 120, kò sì gbé pòtásíọ́ọ̀mù, fọ́síféètì tàbí omi kankan dání.

Ó yẹ kí fọ́síféètì kó ìrònú bá yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dìtẹ̀ mọ́. Gíráàmù purotéènì kan nínú oúnjẹ àdàlù sábà máa ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (òun ló ń di fọ́síféètì nínú ẹ̀jẹ̀) mìlígíráàmù 12 sí 14 wá. Ní 70, ó di bíi 900, kò sì kọjá 800 sí 1,000 tí a sábà máa ń fi ṣe ààlà lóòjọ́. Ibi tó ti wá ló le jù. Èyí tó wà nínú ẹ̀wà àti ọkà, ara kì í gbà ju ìdá 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti ẹran àti ẹja, bíi 40 sí 60. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí oúnjẹ kó má bàa bàjẹ́ tàbí kó lè gbé omi dúró, ó lé ní ìdá 90 tí ara ń gbà. Inú ẹran alápò, sọ́séèjì, wàràkàṣì alágbẹ̀ẹ́dá, adìẹ dídì tí wọ́n fa omi oníyọ̀ sí lára àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú ló ń fara pamọ́ sí. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó ní "phos" nínú, tàbí nọ́ńbà E338 sí E341, tàbí E450 sí E452, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Funfun ẹyin ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí fọ́síféètì rẹ̀ ga. Purotéènì bíi gíráàmù 3.6 ló wà nínú ọ̀kan, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì tó nǹkan, torí inú pupa ẹyin ló kó sí.

Báíkábónéètì ló ń pa kíkan inú ẹ̀jẹ̀; 18 tí ẹ kọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kan bẹ́ẹ̀, ẹran ara á máa tú bí ẹ tilẹ̀ ń bọ́ wọn dáadáa. Ẹ bi dókítà léèrè bí yóò ṣe gbé e dé 22 ó kéré tán ṣáájú ìfọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò CRP náà (èyí tó ń fi hàn bí iná àrùn bá ń jó nínú ara), torí àbúmíìnì kì í wálẹ̀ nítorí ebi nìkan. Àrùn tó sápamọ́ sí eyín, sí ojú egbò tàbí sí rọ́bà ìfọ̀ tí wọ́n fi sí ọrùn àwọn kan máa ń fà á wálẹ̀. Omi tó pọ̀ lára náà ń là á. Àwọn tó ń fi àbúmíìnì nìkan ṣèdájọ́ oúnjẹ máa ń ṣì í gan-an.

---

Nọ́ọ̀sì_Yàrá_Ẹ̀rọ

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ mú, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ.

Kílò 62 tó dúró gbọn-in fún oṣù márùn-ún nígbà tí ṣòkòtò ń yọ̀ kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Iye tí dókítà kọ sílẹ̀ ni 62 yẹn, ìwọ̀n gbígbẹ là ń pè é. A máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fa omi títí dé ibẹ̀, kó sì dúró. Ká ní ẹran ara tó dín kù láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì yí iye náà padà. Kílò mẹ́ta omi ló ti wọlé jókòó sí àyè ẹran náà. Ìdí rèé tí ẹsẹ̀ fi ń wú tí ojú sì ń jìn lára ẹnì kan náà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú wọn pé kí wọ́n tún ìwọ̀n gbígbẹ yẹn yẹ̀ wò, kí ẹ sì mẹ́nu ba ṣòkòtò tó ń yọ̀, torí ìyẹn kò sí nínú fáìlì.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran ara á padà, iye náà sì gbọ́dọ̀ gòkè tẹ̀ lé e. Bí kò bá gòkè, ẹ̀rọ á máa fa ohun tí kò yẹ kó fà. Pajápajá á mú wọn lẹ́sẹ̀ ní wákàtí tó kẹ́yìn, òòyì á kọ́ wọn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn á já wálẹ̀.

Nílé, ẹ lè fi okùn ìwọ̀n aṣọ ṣọ́ ẹran ara. Apá tí kò ní fístúlà (ibi tí wọ́n so òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí fún abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ) ni kí ẹ lò, lẹ́yìn ìfọ̀, nígbà tí omi ti lọ. Ẹ wá agbedeméjì góńgó èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ẹ fi bírò sàmì sí i, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, ẹ yí okùn ká a láì fún un mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ tún wo ẹ̀bátí àti àárín àtàǹpàkò pẹ̀lú ìka ìlábẹ̀: ibi tí ẹran ti kọ́kọ́ máa ń wọlé nìyẹn. Ìwọ̀n tó bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé èèyàn gbìyànjú ẹ̀, àmì àìjẹunrekánú ni. Fún bàbá, kílò 3.1 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ omi. Iye ìtọ̀ ọjọ́ kan, ẹ fi 500 kún un: 300 pẹ̀lú 500 jẹ́ mìlílítà 800. Ọbẹ̀, ẹ̀kọ, wàrà, yìnyín àti omi tí wọ́n fi gbé oògùn mì wà nínú rẹ̀ o. Ohun tí wọ́n bá fi wúwo láàárín ìfọ̀ méjì kò yẹ kó ju ìdá 4 sí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n gbígbẹ lọ. Fún wọn, kílò 2.5 sí 2.8. Ní 3.4, ẹ̀rọ ń fa mìlílítà 13.7 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, a kì í sì í fẹ́ kó kọjá 13, torí bí a bá sáré fa omi jù, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ bọ́ iṣan ọkàn kì í tó mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dín omi kù tí ẹ kò dín iyọ̀ kù, agbọ̀n lẹ fi ń pọnmi. Iyọ̀ gíráàmù 9 máa ń di lítà omi kan mú sára, òǹgbẹ kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn títí wọn yóò fi mu ún. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú lọ, bíi gíráàmù 6, èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti mágì náà sì wà nínú iye yẹn. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́: ẹ bu omi 800 sínú ìgò láàárọ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá mu nǹkan mìíràn, ẹ da irú iye rẹ̀ dànù láti inú ìgò. Ohun tó kù nínú ìgò ló kù tí wọ́n lè mu.

---

Ìdáná_Aláìsàn

Pòtásíọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ dá sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rẹ pòtétò sómi mọ́jú, wọ́n á sì rò pé ó ti tán. Rírẹ lásán kì í fà á jáde tó bẹ́ẹ̀. Iná ló ń fà á jáde. Ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ láìbo ìkòkò, ẹ da omi yẹn nù, ẹ má sì fi ṣe ọbẹ̀. Gígé sí igun kéékèèké ká tó bọ̀ ọ́ lè mú bíi ìdajì pòtásíọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rin ín, ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ewébẹ̀ àti ẹ̀wà. Sísun, dídín tútù àti sísè nínú omi bíńtín tó gbẹ mọ́ ọn kì í yọ ọ́, inú oúnjẹ ló máa dúró sí. Ẹ sẹ́ omi inú agolo dànù, ẹ sì ṣan ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó mọ níwọ̀n ní bíi mìlígíráàmù 420, ápù kan kò ju bíi 195 lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún tòmátò agolo tó ki, èso gbígbẹ àti omi èso, torí nǹkan púpọ̀ ló ti sún pọ̀ sínú díẹ̀. Èso tí wọ́n ń pè ní starfruit, tó máa ń rí bí ìràwọ̀ tí wọ́n bá gé e, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí kíndìnrín tó le ń tọ̀ dànù. Nínú ẹni tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òsúkè tí kò dáwọ́ dúró, ó lè di gìrì, ó sì ti pa èèyàn.

Ṣé wọ́n ń yàgbẹ́ déédéé? Nígbà tí kíndìnrín bá kọṣẹ́, ìfun ló máa ń gba apá kan iṣẹ́ kíkó pòtásíọ́ọ̀mù dànù. Ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́ta, pòtásíọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gòkè láìjẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ yí padà.

---

Olùsè_Ilé

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Nǹkan mẹ́rin tí mo gbàgbé láti sọ. Iyọ̀ tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní sódíọ́ọ̀mù là ń lò láti oṣù méjì, torí a rò pé òun ló dára fún wọn. Oògùn fọ́síféètì, kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì, òru ni wọ́n ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má bàa gbàgbé. Wọn kì í sì í fẹ́ jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ sí ìfọ̀. Láàárọ̀ wọ́n ń kánjú, lálẹ́ ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹnu wọn tún máa ń korò bí irin.

---

Nọ́ọ̀sì_Yàrá_Ẹ̀rọ

Ẹ da iyọ̀ yẹn nù kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́! Pòtásíọ́ọ̀mù kílóráìdì ni wọ́n fi rọ́pò sódíọ́ọ̀mù nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló gbé 5.9 yẹn wá, tí ẹ sì ń fìyà jẹ èso àti ewébẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ sọ fún wọn ní yàrá ẹ̀rọ pé ẹ ti ń lò ó, kí wọ́n lè tètè tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Àlàfo ọjọ́ méjì tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn léwu jù, nítorí náà ẹ ṣọ́ oúnjẹ gidi láàárín rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn bá rọ lójijì, tàbí tí ọkàn wọn ń lù ségesège, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má retí ọjọ́ ìfọ̀.

---

Oúnjẹ_àti_Kíndìnrín

Oògùn fọ́síféètì tí wọ́n lò lórí ikùn òfìfo kò rí nǹkan dì mú. Inú ikùn ló ti ń pàdé fọ́síféètì oúnjẹ, á so mọ́ ọn, wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Tó bá dé lóru lẹ́yìn tí oúnjẹ ti kọjá, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ nìkan ni ara á gbà, ìyẹn sì lè kó sára òpó ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ta lóòjọ́ ni dókítà kọ, oúnjẹ náà mẹ́ta: ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ̀kan lẹ́nu bíi kẹta òkèlè, lórí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi oògùn náà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ kí ẹ tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọn kò ní gbàgbé. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-irin pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn, torí kálísíọ́ọ̀mù máa ń dè é mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìfọ̀ ló ń jí kálórì kó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí oúnjẹ méjì bá fò lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ mẹ́fà nínú mọ́kànlélógún ti ṣòfò. Ẹ sè ti àárọ̀ náà láti alẹ́ tó ṣáájú, kó jẹ́ ohun tí wọ́n lè jẹ nínú mọ́tò: búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin sísè, fún àpẹẹrẹ. Bí yàrá ẹ̀rọ bá gbà wọ́n láyè, kí wọ́n jẹ díẹ̀ láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́, ní ìjókòó, kí ó má ṣe tó oúnjẹ àjẹyó. Bí èèyàn bá jẹun púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya sí ikùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ń fa omi lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìfúnpá ti máa ń já wálẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti máa ń já tẹ́lẹ̀, kó dúró dìgbà tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́.

Ẹnu tó ń korò bí irin: ẹran pupa ló máa ń burú jù lẹ́nu bẹ́ẹ̀, ẹ fi adìẹ, ẹja tàbí ẹyin rọ́pò, kí ẹ sì gbé e fún wọn ní tútù díẹ̀, torí òórùn oúnjẹ gbígbóná máa ń mú èébì gbé wọn. Ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan bíi ṣíbí tíì kan, àlùbọ́sà àti áyù máa ń fún oúnjẹ ní adùn tí iyọ̀ ti fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè iye Kt/V wọn náà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ tó. Tí kò bá tó 1.2 lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ìdọ̀tí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ba ẹnu wọn jẹ́, kò sì sí ọbẹ̀ tí ẹ lè sè tó máa tún un ṣe.

Ẹ kọ ohun tí wọ́n jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: ọjọ́ ìfọ̀ kan, ọjọ́ tí kò sí ìfọ̀ kan, àti ọjọ́ kan ní òpin ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n gíráàmù. Ẹ mú u lọ fún onímọ̀ oúnjẹ tó wà níbẹ̀, ẹ sì tún gbé àyẹ̀wò oṣù tó ń bọ̀ wá síbí ká jọ wò ó.